Wọ́n ní kí n ka ìwé ẹ̀gbọ́n mi tó kú parí

Àwọn òbí mi gba kọ́ọ̀sì tí mo ń kà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ti ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú lé mi lórí, wọn ò sì bi mí. Bó ṣe rí nìyẹn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ gbà sọ ọ́ tí yóò fi dùn létí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìjẹ́wọ́ àwọn ẹlòmíì lórí page yìí, tí mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ tèmi ò lè débí láéláé… ó ti débí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ mi. Ẹ̀yin tó kù, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa sọ pé òbí ni òbí ń jẹ́, pé ọmọ wo ló ń bá òbí ẹ̀ ṣe ẹjọ́ ní gbangba. Ẹ kà á tán ná.

Ìrókò ni ilé wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìyá mi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Dèjì. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ, kò sì gbà kí n máa pe òun ní Bọ̀ọ̀dá, ó ní bọ̀ọ̀dá ti ń dàgbà jù. Dèjì ń ka Vet Medicine, dókítà ẹranko, ní Ìbàdàn níbí, ó ń gbé yàrá kan ní Ajíbọ́dẹ. Èmi ń ka Geography ní yunifásítì ìpínlẹ̀ mìíràn, mo ti wọ 300 level. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn Geography gan-an. Láti kékeré, bí mo bá tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko, tí a bá ti délé, màá mú ṣọ́ọ̀kì wọn, màá ya ọ̀nà oko sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibi tí odò ti yà, ibi tí ọ̀nà ti pín, igi tí a ti sinmi. Dèjì ló sọ mí ní Máàpù nítorí ẹ̀. Bí mo bá ń bínú, á ní, Máàpù, ọ̀nà wo ló yá tí mo lè gbà sá fún ẹ. Mo tiẹ̀ ti mú iṣẹ́ àṣekágbá mi, àwọn odò kéékèèké tó wà láàárín Ìrókò àti ìlú Akínyẹlé, ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ kí ọyẹ́ tó dé. Lecturer mi ti gbà á. Ohun tí mo ní nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbé irú ìlú wa rí. Ọjọ́ tí Dèjì rí admission gbà, ẹ gbọ́ mi yé o, admission, kò tíì jókòó ní kíláàsì rárá, ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú pa orúkọ àwọn òbí mi dà. Bàbá mi kì í ṣe Tíṣà mọ́, Bàbá Dókítà ni. Ìyá mi kì í ṣe Ìyá Dèjì mọ́, Ìyá Dókítà ni. Láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní nǹkan mìíràn mọ́. Bí Dèjì bá wálé fún ìsinmi, wọ́n á ti fa ewúrẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó tó bọ́ bàtà. Á máa rẹ́rìn-ín, á ní, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, ewúrẹ́ yín ò ní kú kí n tó gbé òkèlè mẹ́ta mì. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ lára ẹran. N kò jowú ẹ̀ rí, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Àbúrò Dókítà ni wọ́n ń pe èmi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Dèjì wà ní 400 level nígbà tí ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Mọ́níyà yọ̀ nínú òjò. N kò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n jókòó ti bàbá àti ìyá mi nínú yàrá, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dí ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbà ní kí èmi bá àwọn ọkùnrin lọ, kí ẹnì kan láti inú ilé lè wà níbẹ̀, bàbá mi sì gbà. Wọ́n ní àbúrò ni mí, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Mo bá wọn lọ. Mo rí i tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i tí wọ́n da erùpẹ̀ bò ó. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lu ilẹ̀ náà kí ó lè le… ìró yẹn, ó ṣì wà létí mi. Bí a ṣe ń bọ̀, bàbá àgbà kan fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún àwọn òbí mi títí wọ́n á fi re ibi àgbà ń rè. N kò sì sọ ọ́. Nígbà tí mo wọlé, ojú mi kọ́ ni ìyá mi wò. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wò. Erùpẹ̀ pupa wà lára bàtà mi. Wọ́n wò ó, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọn ò sì bi mí ní ìbéèrè kankan títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyọnu orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò máa pè wọ́n mọ́. Ìyá Dókítà ò ṣeé pè, Ìyá Dèjì ò ṣeé pè. Àwọn èèyàn á kàn ní ẹ kú ilé mà, wọ́n á sáré kọjá. Lọ́jọ́ kan lọ́jà, obìnrin kan tó ń ta ata kígbe pe ìyá mi láti òkèèrè, ẹnu ti mọ́ ọn lára, Ìyá Dókítà, ẹ yà sọ́dọ̀ mi kẹ̀… bó ṣe pè é tán ló fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ wọn kalẹ̀ síbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n yí padà, wọ́n lọ sílé. Wọn ò lọ sọ́jà mọ́. Wọn ò bá àwọn akọrin jókòó mọ́. Bàbá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn á gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa kí wọn. Wọ́n ṣì ní ọmọ kan o. Ọmọ náà wà láàyè, ó lórúkọ. Kò sẹ́ni tó rò ó pé wọ́n lè fi tèmi pè wọ́n. Èmi náà ò rò ó nígbà náà. Ìsinsìnyí ni mo ń rò ó.

Àbúrò bàbá mi wà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Dádì Ìbàdàn ni mo ń pè wọ́n láti kékeré. Àwọn àti bàbá mi ló jọ pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ara ìyá mi ò yá, pé kí n ṣe transfer wá sí Ìbàdàn kí n lè máa súnmọ́ wọn. Ṣé èmi lè kọ ìyẹn? Mo gbà. Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí Geography wọn níbí dára, àwọn odò mi sì wà nítòsí. Dádì Ìbàdàn ní kí n má ṣèyọnu, pé àwọn á bá mi ṣe gbogbo ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí n fi èsì ìdánwò mi àti password ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ṣé èèyàn á máa fura sí ẹni tó pọ̀n ọ́n rí ni? Mo fẹ́ sọ èyí kó yé gbogbo yín, yunifásítì ò ṣẹ̀ mí. Ẹnì kan lo orúkọ mi béèrè fún transfer, ó tún lo orúkọ mi béèrè fún ìyípadà kọ́ọ̀sì, mo sì ní Biology àti Chemistry dáadáa ní WAEC, wọ́n gbà mí. Ohun tí wọ́n bi yunifásítì ni yunifásítì dáhùn. Èmi nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bi.

Ẹ mọ ibi tí mo ti gbọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ní kí n wálé ká wá dúpẹ́ pé transfer ti bọ́ sí i. Mo wọ aṣọ, mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá mi dìde síwájú ìjọ, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní Ọlọ́run tó gba Dókítà ti dá Dókítà padà, pé ọmọ àwọn obìnrin ti wọ Vet Medicine, ibi tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá a dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo wo ojú Dádì Ìbàdàn, wọ́n ń wo bàtà wọn. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, orin ti sọ, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, Ìyá Dókítà, Ìyá Dókítà, bí ẹni tí wọ́n ti dí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá mi dìde. Ìyá mi tí wọn ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n dìde, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, omijé ń bọ́ lójú wọn, wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n wá bá wọn jó.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ má purọ́. Mo dìde, mo jó.

Nígbà tí a délé ni mo bi bàbá mi pé kí ló dé. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n bá mi sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Wọ́n ní bí ẹni tó ń kọ́lé bá kú kó tó kan òrùlé, ṣé wọ́n máa ń fi ògiri sílẹ̀ fún òjò ni? Mo ní, sà, èmi kì í ṣe òrùlé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ohùn mi ti ń ga jù. Dádì Ìbàdàn tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n ní kí n máa lọ síbẹ̀ ná, pé bí ara ìyá mi bá ti yá díẹ̀, wọ́n á dá mi padà sí Geography, ó pẹ́ tán ọdún kan. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ọdún kan pé. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn wà ní ìpàdé. Ìpàdé yẹn ò tíì parí.

Nínú yàrá Dèjì ní Ajíbọ́dẹ ni wọ́n fi mí sí. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Sítóòfù ẹ̀. Ìyá onílé sì ń pè mí ní Dókítà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní mo ń rìn bíi tiẹ̀. Láti 300 level tí mo wà, mo padà sí 200, láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń pè mí ní àǹtí. Ẹ̀wù funfun Dèjì tó máa ń wọ̀ lọ sí kíláàsì ni mo ń wọ̀, orúkọ ẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀, ó fi báírò kọ ọ́. Apá ẹ̀ gùn jù fún mi. Ìyá mi ló ká a, tí wọ́n fọwọ́ rán an fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n tún mú abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí Dèjì ti kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé n ò wọ̀ ọ́? Ẹ bá mi rò ó. Báwo?

Ẹ wá wo ìyà tó tún wà níbẹ̀. Ní Anatomy, ara òkú ẹran ni a fi ń kọ́ṣẹ́. N kò lè fọwọ́ kan ohun tó ti kú. Láti ọjọ́ ṣọ́bìrì yẹn ni n kò ti lè ṣe é. Bí mo bá ti sún mọ́ tábìlì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ìró yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ létí mi. Lecturer kan tó kọ́ Dèjì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, ìwọ ni àbúrò ẹ̀? Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ò gbọ̀n báyìí o. Wọn ò sọ ọ́ fún èébú, wọ́n fẹ́ tù mí nínú ni. Mo fìdí rẹmi nínú Anatomy. Mo tún un ṣe, mo tún fìdí rẹmi. Èmi tí n kò gba E rí láyé mi. Àwọn tí a jọ wà ní 300 níbi tí mo ti wá ti ń ṣe àṣekágbá, wọ́n ń gbé fọ́tò sórí status, wọ́n wà létí odò, wọ́n ká sòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń wọn omi. Mo máa ń wò ó, màá pa fóònù.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà nílé, ìyá kan ládùúgbò, Ìyá Rìsí, wá. Ewúrẹ́ wọn ti ń rọbí láti òwúrọ̀, ọmọ ò jáde. Ìyá mi ti dáhùn kí n tó dìde, Dókítà wà nílé. Mo ní, mà, n ò tíì mọ èyí o. Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí Ìyá Rìsí, wọ́n ní ó ń ṣàwàdà ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó ṣe máa ń ṣe… ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Dèjì ni. Èmi kì í ṣàwàdà. Mo kúnlẹ̀ nínú àgbàlá yẹn, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo rí ẹsẹ̀ ọmọ kan, n kò mọ̀ bóyá kí n fà á tàbí kí n tì í. Mo fà á. Ewúrẹ́ náà kú, ọmọ náà kú sí i nínú. Ìyá Rìsí ò pariwo. Wọ́n ní kò burú, Dókítà, Alihamudulilahi, kádàrá ẹ̀ ni. N ì bá fẹ́ kí wọ́n bú mi. Mo ń wo ọwọ́ mi, ìyá mi wá fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n rọra sọ ọ́, Dèjì, lọ fọwọ́ ẹ kí o wá jẹun.

Mo dúró kí wọ́n tún orúkọ náà ṣe. Mo rò pé wọ́n á ní, áà, ẹnu mi. Wọn ò tún un ṣe. Mo lọ fọwọ́, mo sì jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé rèé. Department ti pè mí, wọ́n ní n kò lè tẹ̀ síwájú níbẹ̀ mọ́, kí n wá department tó máa gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn Geography ni mo sá lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ lecturer níbẹ̀ bi mí pé kí ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo sọ ti àwọn odò fún wọn. Wọ́n tẹ́ máàpù agbègbè wa sórí tábìlì, wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Ìka mi ń lọ bí ẹni tó ń rìn lọ sílé. Mo débì kan, mo ní, mà, omi kan wà níbí tí kò sí lórí máàpù yìí. Wọ́n ní báwo lo ṣe mọ̀, mo ní mo ti débẹ̀. Ẹ̀bá omi yẹn ni Dèjì wà. N kò sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n ní kí n mú èsì ìdánwò mi àtijọ́ wá, àwọn gbà mí, ṣùgbọ́n kí n fèsì kí a tó wọlé padà. Mo bọ́ síta, mo sunkún nítorí inú mi dùn, mo wá rántí ìyá mi, mo tún sunkún nítorí ìyẹn.

Mo lọ sọ fún bàbá mi. Àwọn nìkan ni mo sọ fún, lẹ́yìnkùlé. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, Anatomy, ewúrẹ́, department. Wọ́n gbọ́ ọ títí mo fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, bí o bá kúrò níbẹ̀, ìwọ lo sin ín. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Dádì Ìbàdàn ti wá rí àyè gbé fóònù báyìí. Ìmọ̀ràn tiwọn ni pé kí n lọ ka Geography mi ní ìdákẹ́jẹ́, kí n fi ẹ̀wù funfun kọ́ sí yàrá, kí n máa dáhùn bí wọ́n bá ń pè mí ní Dókítà nílé, tó bá di ọjọ́ ìgboyè, a ó mọ ohun tí a máa sọ. Wọ́n ní òkú ò ní jí wá yẹ ìwé mi wò. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, wọ́n á tún pe ìyá mi àti Dókítà wọn síwájú. Ìyá mi ti padà sáàárín àwọn akọrin, wọ́n ti ń lọ sọ́jà, wọ́n ti ń bá àwọn alátà ná ọjà bíi tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ Ìyá Dókítà, wọ́n á yíjú, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn ló gbé wọn dìde. Bí mo bá sọ òtítọ́, èmi ni màá gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á tún kọjú sí ògiri, wọn ò sì ní yí padà mọ́. Bí mo bá dákẹ́, tí mo ń purọ́ bí Dádì Ìbàdàn ṣe wí, ọdún mélòó ni màá fi máa jẹ́ òkú nílé, kí n máa jẹ́ ara mi níléèwé? Bí mo bá sì kọ̀ láti lọ sí Geography, kò sí ilé ìwé mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á.

Kí ẹ̀yin tó dá mi lóhùn ṣá, àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Bàbá mi kì í wá sórí irú page yìí, ṣùgbọ́n Dádì Ìbàdàn máa ń wá. Dádì Ìbàdàn, sà, ẹ bá mi kà á sí bàbá mi létí, ìgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ní kí n tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin lọ lọ́jọ́ yẹn? Ta ló ní àbúrò ni mí, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀? Bàbá mi, ẹ ní bí mo bá kúrò níbẹ̀, èmi ni mo sin ín. Èmi ni mo sin ín lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ rán mi. Inú yàrá lẹ wà, èmi ni mo dúró níbẹ̀ tí wọ́n fi lu ilẹ̀ náà le, mo sì pa ẹnu mọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí. Ọmọ méjì lẹ bí, sà. Ọ̀kan wà níbi tí ẹ ò gbọdọ̀ mọ̀. Èkejì ló ń bi yín ní ìbéèrè yìí: kí lẹ fẹ́ máa pe òun? Ẹ dá a lóhùn kí a tó wọlé padà.